Ẹ́ńjìnnì, Jíà àti Ojú Ọ̀nà Òkè-Ògùn

Yíyan ẹ́ńjìnnì àti jíà jẹ́ iṣẹ́ tí onímọ́tò àti mẹkáníìkì rẹ̀ máa ń jọ ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ọkọ̀ kan ṣe ju bí ó ṣe ti iléeṣẹ́ wá lọ. Ẹnì kan lè fẹ́ kí ọkọ̀ sáré sí i, ẹlòmíràn lè fẹ́ kó gbé ẹrù gun òkè, ẹ̀kẹta lè fẹ́ dín owó epo kù. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ du ipò lórí pápá ìje ló sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí wọ́n ń fi ìwé àti ìṣirò ṣe, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi ara wọn lábẹ́ igi mẹkáníìkì ní Ìpàpó.

Ìpàpó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ní agbègbè Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí ilẹ̀ ọ̀dàn ti tẹ́ lọ rẹrẹ tí òkè olókùúta sì ń yọrí níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, kajú àti èédú ló ń ti agbègbè yìí lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ọ̀nà ọ̀dà wà, ọ̀nà eléruku wà, ọ̀nà oko tí òjò ti gbẹ́ kòtò sí wà pẹ̀lú, ọkọ̀ kan náà sì lè rin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárọ̀ ọjọ́ kan. Pápá ìje ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀nà oko tó gun òkè pẹ̀lú ẹrù iṣu lẹ́yìn ń dán jíà wò bí ìyànà pápá ìje ṣe ń dán an wò.

Ohun méjì ló wà lára ẹ́ńjìnnì tí a sábà máa ń fi orúkọ kan pè. Èkíní ni ìfà, ìyẹn ipá tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì fi ń yí. Èkejì ni agbára, ìyẹn ìfà náà ní ìlọ́po iye ìgbà tí ọ̀pá ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìfà ló ń ṣí ẹrù nídìí, agbára ló ń pinnu eré tí a ó fi bá ẹrù náà gun òkè. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí kíákíá lè ní agbára ju ńlá tó ń yí pẹ̀lẹ́ lọ, àmọ́ bí wọ́n bá di àpò àgbàdo rù ú, ó lè kú mọ́ awakọ̀ lẹ́sẹ̀ kó tó kúrò lójú kan. Jíà kì í dá agbára kankan sílẹ̀. Òwò ló ń ṣe: ó ń gba eré lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń san ìfà fún táyà. Jíà kìíní gba eré púpọ̀, ó san ìfà púpọ̀. Bí a ṣe ń gun jíà lọ sókè ni owó náà ń kéré sí i níhà méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́. Ní ẹ̀yìn ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń tì, nínú àpótí irin tó wà láàárín táyà méjèèjì, jíà kékeré kan ń yí jíà ńlá kan; àwọn méjèèjì ni a ó máa pè ní jíà ẹ̀yìn. Bí kékeré bá ní eyín 9, tí ńlá sì ní 35, ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 3.89, èyí ni pé ọ̀pá tó ti iwájú wá yóò yí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà mẹ́rin kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ká ní táyà náà ń bo mítà méjì nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, tí jíà kẹrin sì jẹ́ ọ̀kan sí ọ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, ọkọ̀ ń sá bíi kìlómítà 93 ní wákàtí kan. Bí a bá yọ méjèèjì, tí a sì fi eléyín 9 àti 38 rọ́pò wọn, ìṣirò di 4.22. Ní ìyípo 3000 kan náà, eré á di kìlómítà 85, ìfà tó ń dé ẹsẹ̀ táyà á sì fi ohun tó lé ní ìdá 8 nínú 100 pọ̀ sí i, nínú jíà gbogbo, láti ìkíní dé ìkẹrin. Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bí awakọ̀ bá wá lọ wọ táyà gíga tó ń bo mítà 2.17 nítorí pé ó fẹ́ kí ìdí ọkọ̀ ga sí i, gbogbo ohun tó jèrè ti padà síbi tó ti wá. Mo ti rí i pé àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù: táyà wà lára jíà, àmọ́ kì í sí ẹni tó máa ń kà á mọ́ ọn.

Ọkọ̀ tó jẹ́rìí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa nílẹ̀ wa ni Pijó 504. Ọdún 1968 ni Peugeot mú un jáde ní Faransé, wọ́n sì fi í ṣe Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù ní 1969. Iléeṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní 1975, láti ibẹ̀ ni 504 sì ti di ọkọ̀ ìjọba, ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ ẹrù jákèjádò Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti dàgbà ní Òkè-Ògùn láyé ìgbà náà mọ ọ̀kan tó gùn lẹ́yìn, tó ń kó èrò láti Ṣakí àti Ìsẹ́yìn lọ sí Ìbàdàn.

Ní ọdún 1975 yẹn gan-an, Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi 504 gba ipò kìíní nínú ìje Safari ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ọkọ̀ tó ṣe ipò kejì àti ìkẹta jẹ́ Lancia Stratos, ọkọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún ìje, tí ẹ́ńjìnnì Ferrari sì wà nínú rẹ̀. Agbára Stratos ju ti 504 lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Safari jẹ́ ọ̀nà eruku, ẹrẹ̀ àti òkúta fún ọjọ́ púpọ̀, ọkọ̀ tí ara rẹ̀ gba ìyà tí jíà rẹ̀ sì bá ilẹ̀ mu ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tó di 1978, Jean-Pierre Nicolas fi 504 alágbára, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní písítínì mẹ́fà tí ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 2664cc, gba Safari, ó sì tún gba ìje Bandama ní Côte d'Ivoire lọ́dún kan náà. Agbára ní àyè tirẹ̀, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ẹ́ńjìnnì kékeré borí ní Safari ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ńlá borí níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì 504 ní ọ̀nà bíi mẹ́rin níwájú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù 1971cc tó ń lo kábúrétọ̀ kò ju bí agbára ẹṣin 90 àti díẹ̀ lọ. Èyí tó ń fi pọ́ǹpù fín epo sínú fi díẹ̀ lé ní 100. Ìyàtọ̀ náà dùn lójú ọ̀nà ọ̀dà, àmọ́ kábúrétọ̀ ni ọmọ iṣẹ́ lè tú lójú títì kó fọ̀ ọ́ kó sì dá a padà. Pọ́ǹpù afínpo ìgbà yẹn ń fẹ́ ọwọ́ ọ̀gá, ọ̀gá náà kò sì pọ̀. Ẹ́ńjìnnì dísù 2304cc ń kọ́? Agbára rẹ̀ kò ju bíi 70 lọ, ẹni tó bá ń ka nọ́ńbà nìkan á rò pé ìjákulẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ìfà rẹ̀ ti ga jù wà nítòsí ìyípo 2000, nígbà tí onípẹtiróòlù ń dúró de 3000. Fún ẹni tó ń gbé iṣu jáde lóko ní jíà kejì, 2000 yẹn ni ibi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbé ní gbogbo ọjọ́. Dísù kì í sì í yí sókè tó onípẹtiróòlù, nítorí náà bí wọ́n bá gbé e sínú ọkọ̀ tí jíà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti onípẹtiróòlù láìṣe ìṣirò, ọkọ̀ á máa han gooro lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, eré rẹ̀ kò sì ní pọ̀.

Ọ̀nà kẹrin ni tòkunbọ̀: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn láti ọjà Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ọjà Gate ní Ìbàdàn. Owó rẹ̀ máa ń fani mọ́ra. Ohun tí owó náà kì í sọ ni pé ìjókòó ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí padà, jíà bọ́ọ̀sì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a wá, ọ̀pá gígùn tó lọ sẹ́yìn lè di gígé tàbí títọ́, bó bá sì jẹ́ ti ayé òde òní, ó ń fẹ́ wáyà àti bíréènì-bọ́ọ̀sì tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ẹ́ńjìnnì tó ń lo bíréènì-bọ́ọ̀sì bí wọn kò bá kó gbogbo wáyà rẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lórí ìwé ọkọ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ìwé rírà àti àtúnṣe ìwé wà lára iṣẹ́ náà. Àwọn kan tún máa ń fá orí ẹ́ńjìnnì kí ó lè máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i. Ó ń fún un lágbára díẹ̀, àmọ́ bí epo kò bá dára, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í kàn gbàgbàgbà, kò sì ní pẹ́ tí písítínì yóò fi lu.

Ọkọ̀ tó pọ̀ jù ní Ìpàpó lónìí kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rárá, ọ̀kadà ni, Bajaj Boxer ló sì wọ́pọ̀ nínú wọn. Òun ló rọrùn jù láti yí jíà rẹ̀ padà, nítorí ìta ẹ́ńjìnnì ni irin eléyín méjèèjì tí ṣéènì ń yí lé wà. Ká ní ti iwájú ní eyín 14, tí ti ẹ̀yìn ní 42: ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 3. Bí a bá fi 13 síwájú, ó di 3.23, alùpùpù á gbé àpò méjì gun òkè láìkérora, ṣùgbọ́n yóò máa pariwo lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, yóò sì mu epo sí i. Bí a bá fi 15, ó di 2.8, ó dára fún ẹni tó ń rìn lóun nìkan lójú ọ̀dà. Eyín kan níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó eyín mẹ́ta lẹ́yìn, torí náà iwájú ni kí a kọ́kọ́ yí: ó kéré, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ṣeé dá padà láàárín wákàtí kan. Kí a pààrọ̀ ṣéènì pọ̀ mọ́ ọn bó bá ti gbó, nítorí ṣéènì tó ti fà máa ń jẹ irin tuntun.

Lórí pápá ìje, ìlànà wọn ni pé kí jíà tó ga jù dé òpin ìyípo ẹ́ńjìnnì gẹ́rẹ́ kí ọ̀nà tààrà tó gùn jù tó parí. Pápá Monza tó ní ọ̀nà tààrà gígùn fẹ́ jíà tó nà. Monaco tí ìyànà rẹ̀ há fẹ́ èyí tó kúrú. Láti ọdún 2014, òfin ìje ọkọ̀ Formula 1 ti jẹ́ kí ọkọ̀ máa lo jíà mẹ́jọ tí ìṣirò wọn kì í yí padà láti pápá kan sí èkejì, nítorí náà wọ́n ní láti wá èyí tó ṣeé lò fún gbogbo ibi. Ipò tí awakọ̀ Òkè-Ògùn wà nìyẹn. Jíà kan ṣoṣo ni yóò fi rin oko, òun náà ni yóò fi wọ Ìbàdàn. Ibi tó ti ń lo wákàtí tó pọ̀ jù ni kó fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe ibi tó ti ń gbádùn eré jù.

Ohun tí ń bá agbára rìn kò ṣeé gbójú fò. Eré tó kúrò ní 80 tó di 100 ń fi ohun tó ju ìdajì lọ kún iṣẹ́ tí bíréèkì yóò ṣe kí ọkọ̀ tó dúró. Kílọ́ọ̀ṣì tó tó fún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lè máa yọ̀ lábẹ́ tuntun. Ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí oòrùn Òkè-Ògùn bá mú tí eruku sì kún àwọ̀n rédíétọ̀, ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù ni yóò kọ́kọ́ hó. Rédíétọ̀, fáànù, bíréèkì àti asẹ́ afẹ́fẹ́ ló yẹ kó ṣáájú ẹ́ńjìnnì ńlá. Ó dùn mí láti máa rí ọkọ̀ tí wọ́n fi owó iṣu odindi ọdún kan ra ẹ́ńjìnnì sí, tí bíréèkì àtijọ́ sì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ohun kan lọ láti ṣe sí ọkọ̀ ẹrù rẹ̀, kó fi ra jíà ẹ̀yìn tó bá ẹrù àti ọ̀nà rẹ̀ mu. Kó rí i pé ara irú ọkọ̀ tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yọ ọ́, nítorí ti 504 kúkúrú kò bá ti gígùn ẹlẹ́rù mu. Kó sì ka eyín rẹ̀ fúnra rẹ̀, ní kékeré àti ní ńlá, kó tó san owó.