Àdínkù Ẹyẹ Ìgboro ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ẹyẹ ìgboro ni àwọn ẹyẹ tó ń bá ènìyàn gbé láàrin ìlú, tí wọ́n ń jẹ àjẹkù wa, tí wọ́n sì ń tẹ́ ìtẹ́ sára ilé tàbí sórí igi àgbàlá: ológoṣẹ́, àdàbà, ẹ̀gà, alápàńdẹ̀dẹ̀, kannakánná, àwòdì, lékeléke àti igún. Ní Ṣómólú àti Bàrígà, ní ìpínlẹ̀ Èkó, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń dínkù, ohun tó sì lé ọ̀kan kọ́ ló lé èkejì. Kannakánná ṣì ń rí jẹ níbi tí ààtàn bá wà. Igún ní tirẹ̀ ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò mọ̀ nínú òwe nìkan.

Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 402,673 sí ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, lórí ilẹ̀ tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 12 lọ. Ọ̀sà wà lápá kan, ní Ilàjẹ Bàrígà. Ọgbà Yunifásítì Èkó, tó ní igi àti àbàtà, wà nítòsí ní Akọka. Yàtọ̀ sí èyí, ilé ló fara ti ilé, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù àti àwọn ilé ìtẹ̀wé tí a fi ń mọ Ṣómólú. Ibi tí igi máńgòrò tàbí àgbọn bá wà ní àgbàlá, onílé lè fi kọ́ yàrá méjì sí i kó sì gbowó ilé lórí rẹ̀. Ilẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù, kọnkéré ni wọ́n ń dà sí i. Ẹni tó ń gbé nínú ìlú tí ilé ti wọ́n báyìí kò ṣe é dá lẹ́bi, àmọ́ ibẹ̀ ni ẹ̀gà ti pàdánù ilé. Orí ọ̀pẹ àti àgbọn ni ẹ̀gà máa ń so ìtẹ́ rẹ̀ rọ̀ sí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ lórí igi kan. Bí wọ́n bá gé igi náà, gbogbo wọn ló ṣí lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilé fúnra rẹ̀ ti yí padà. Àwọn ilé onípáànù àtijọ́ ní àlàfo láàrin ògiri àti òrùlé, inú àlàfo yẹn sì ni ológoṣẹ́ ń kó koríko sí. Ilé tuntun kò fi ihò sílẹ̀: wọ́n ti dí etí òrùlé pa, wọ́n sì fi gíláàsì sí fèrèsé. Alápàńdẹ̀dẹ̀ rọ́nà gbà ju ológoṣẹ́ lọ, torí pé abẹ́ afárá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Irú nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ níbòmíràn pẹ̀lú. Láàrin ọdún 1994 sí 2004, ológoṣẹ́ London, tó jẹ́ ẹ̀yà mìíràn, dínkù ní nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ara ohun tí àwọn olùwádìí tọ́ka sí ni àìsí ihò lára ilé àti àìtó kòkòrò fún àwọn ọmọ ẹyẹ.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí kan Ṣómólú gan-an. Ológoṣẹ́ tó ti dàgbà lè jẹ ìrẹsì àti gàrí tó dà sílẹ̀ níwájú ilé olóúnjẹ, ṣùgbọ́n kòkòrò ló fi ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Níbi tí koríko kò bá sí, kòkòrò á wọ́n; oògùn apakòkòrò sì ń pa ìwọ̀nba tó kù. Kì í ṣe kòkòrò nìkan ni májèlé ń pa: òwìwí tó bá gbé eku tó ti jẹ májèlé, òun náà á jẹ nínú májèlé ọ̀hún. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn kan ń pa òwìwí nítorí wọ́n gbà pé ẹyẹ àjẹ́ ni.

Igún ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù. Igún ìgboro, Necrosyrtes monachus, a máa jẹun lọ́jà, lórí ààtàn àti ní ilé ìpẹran. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé lọ́dún, nítorí náà kì í yá láti rọ́pò èyí tí wọ́n bá pa. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2016 fojú bù ú pé ó ti dínkù ní ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún káàkiri Áfíríkà láàrin ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Nínú ikú àwọn igún oríṣiríṣi tí ìwádìí náà ṣàkójọ, májèlé ló fa ìdá 61, òwò oògùn ìbílẹ̀ sì fa ìdá 29. Láti ọdún 2015 ni àjọ IUCN ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n run pátápátá.

Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, òwò oògùn yìí gan-an ló ń kó igún tán. Àwọn lẹ́kulẹ́ja ń ta orí rẹ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀ lọ́jà. Ó dunni, nítorí èèwọ̀ wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: a kì í pa igún, a kì í jẹ ẹ́. Àwọn àgbà gbà pé ẹbọ tí igún bá jẹ ti dà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pa ẹyẹ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n owó ti borí èèwọ̀ náà. Ní Guinea-Bissau, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, májèlé pa igún tó lé ní 2,000, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ nínú wọn láìlórí.

Íńdíà ti rí ohun tó ń tẹ̀lé àdínkù igún. Oògùn diclofenac tí wọ́n ń fún màlúù pa igún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láti àwọn ọdún 1990. Òkú ẹran wá ń jẹrà nílẹ̀, ajá ìgboro sì pọ̀ sí i. Ọdún 2006 ni ìjọba wọn fòfin de diclofenac fún ẹran. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì fojú bù ú ní ọdún 2024 pé nǹkan bí ènìyàn 500,000 ló kú láàrin ọdún 2000 sí 2005 nítorí àìsí igún.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra nípa lékeléke àti àwòdì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń pọ̀ ní gúúsù Nàìjíríà. Bí òjò bá dé, púpọ̀ nínú wọn á forí lé àríwá. Ẹni tí kò rí wọn ní oṣù Keje kò lè torí ìyẹn sọ pé wọ́n ti tán. Láti ọdún 2015 ni àwọn olùyọ̀ǹda ti ń fi fóònù ṣàkọsílẹ̀ ẹyẹ tí wọ́n bá rí fún àwòrán ilẹ̀ àwọn ẹyẹ Nàìjíríà, iṣẹ́ tí ilé ìwádìí A. P. Leventis ní Jos wà lára àwọn tó ń darí rẹ̀. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́dọọdún, ní àsìkò kan náà, ló lè fi àdínkù hàn.

Ní ti igún, àjọ Nigerian Conservation Foundation ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa fi ewé àti egbò dípò ẹ̀yà ara rẹ̀. Ní ti igi, ọjọ́ 14 oṣù Keje ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ń ṣe ọjọ́ igi gbígbìn láti ọdún 2008. Níbi tí ilẹ̀ ti há tó báyìí, ọgbà ilé ìwé, bíi ti CMS Grammar School ní Bàrígà, ni ààyè tó bójú mu jù tó ṣẹ́ kù, ọ̀pẹ àti àgbọn ló sì yẹ kí wọ́n gbìn síbẹ̀ ju igi ẹ̀ṣọ́ lọ, nítorí orí wọn ni ẹ̀gà ń gbé.