Ìgbà Ìrúwé Nínú Àwòrán àti Ògiri Òrìṣà Ìkirè

Ẹni tí ó bá ka ìtàn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Yúróòpù kò ní pẹ́ kan àwòrán ìgbà ìrúwé. Èyí tí ó lókìkí jù ni Primavera, tí Sandro Botticelli yà ní Florence, ní ilẹ̀ Ítálì, ní nǹkan bí ọdún 1480. Nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbá ọmọbìnrin kan mú, òdòdó ń jáde ní ẹnu rẹ̀, ó sì di Flora, òrìṣà òdòdó. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: ní ilẹ̀ wọn, òtútù a máa gbọn ewé igi dànù, ilẹ̀ a sì dà bí òkú. Ìrúwé ni àmì àjíǹde.

Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ Igbódìgò yóò rí dìmú nínú èyí? Lóòótọ́, àràbà a máa wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n igbó ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í wà ní ìhòòhò. Àkọ́rọ̀ òjò ni ó ń sọ fún àgbẹ̀ wa pé ọdún ti yí.

Ǹjẹ́ àwọn Yorùbá kò ha ní àmì ìsọdọ̀tun nínú àwòrán bí? Wọ́n ní in. Nígbà tí Moyo Okediji kọ̀wé nípa ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, àwọn obìnrin ni wọ́n ń kun ògiri rẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un kùn fún ọdún òrìṣà náà. Pupa, funfun àti dúdú ni àwọ̀ wọn. Bí Yorùbá ti ń ka àwọ̀, abẹ́ dúdú ni àwọ̀ ewé pàápàá wà.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Ní ọdún 1982, wọ́n nu Primavera kí ọwọ́ Botticelli lè tún hàn. Ní Ifẹ̀, ọwọ́ tuntun ni ó ń bo ti èṣí. Àwòrán ti Ítálì ń ròyìn ìsọdọ̀tun. Ògiri ti Ifẹ̀ ni a ń sọ dọ̀tun gan-an.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé òun yóò fi sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà òyìnbó gba irú ògiri bẹ́ẹ̀ là ti gba ara rẹ̀, ó ti pa ẹ̀mí rẹ̀. Kì í ṣe ògiri ni a ń jogún bí kò ṣe ìmọ̀ ọwọ́ tí ń kùn ún. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá lọ ya fọ́tò ojúbọ, ẹ má ṣe ṣàì bèèrè ẹni tí yóò kùn ún ní ẹ̀ẹ̀míì.