Láti Orí Ẹyẹ Dé Orí Àgádágodo: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Dènà Ikú Òjijì Nílé-Iṣẹ́

Ohun méjì kan wà nílé-iṣẹ́ tí kì í dún kó tó pa èèyàn. Èkíní ni agbára tó sá pamọ́ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ti pa: iná mànàmáná tó ṣẹ́kù sára wáyà, sípíríǹgì tí wọ́n ká mọ́lẹ̀, irin wúwo tó rọ̀ sókè, omi gbígbóná tó há sínú páìpù. Èkejì ni ibi híhá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́: inú táńkì, kòǹga, kòtò ìdọ̀tí, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Lójú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò séwu lóko àfi gìrìrì àparò: ẹ̀rọ dákẹ́, táńkì ṣófo. Ìtàn bí wọ́n ṣe ń dènà irú ikú bẹ́ẹ̀ ni ìtàn bí ayé ṣe gbà, díẹ̀díẹ̀, pé ojú, imú àti ìrántí òṣìṣẹ́ kò tó láti fi ṣọ́ ẹ̀mí rẹ̀.

Fìtílà àti ẹyẹ

Inú ihò èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà lọ́nà tó korò. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1812, gáàsì gbaná ní ibi ìwakùsà Felling, nítòsí Newcastle, ó sì pa èèyàn 92, àgbà àti ọmọdé. Mẹ́téènì ni gáàsì náà. Ara èédú ló ti ń jáde, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, iná tí awakùsà fi ń ríran ló sì ń ràn án.

Lọ́dún 1815, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Humphry Davy fi àwọ̀n wáyà tí ojú rẹ̀ há yí iná fìtílà ká. Àwọ̀n náà ń gba ooru iná sára, tí ọwọ́ iná kò fi lè jáde lọ bá gáàsì ìta. George Stephenson náà ṣe fìtílà tirẹ̀ lọ́dún kan náà. Kò pẹ́ tí fìtílà fi di ohun tí wọ́n fi ń dán afẹ́fẹ́ wò: bí gáàsì bá wà, ọwọ́ iná á ga, á sì dé fìlà búlúù, bí ọ́síjìn bá dín, iná á rẹlẹ̀, á sì kú. Síbẹ̀ ikú kò tán. Àwọn tó ni ihò gbójú lé fìtílà, wọ́n sì dá òṣìṣẹ́ padà sínú àwọn ihò tí wọ́n ti pa tì tẹ́lẹ̀ nítorí gáàsì.

Ní 1896, dókítà ọmọ Scotland kan, John Scott Haldane, kọ ìròyìn lórí ohun tó ń pa awakùsà gan-an nígbà tí ihò bá bú gbàmù. Ó rí i pé kì í ṣe iná ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì ni. Èéfín yìí ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé ọ́síjìn mọ́. Haldane dábàá pé kí wọ́n máa gbé ẹranko kékeré wọ ihò, nítorí pé mímí wọn yá, oró sì máa ń tètè hàn lára wọn ju ara èèyàn lọ. Bí ẹyẹ kánárì ṣe wọ iṣẹ́ ìwakùsà nìyẹn. Bí ẹyẹ bá ti ṣubú lórí igi tó bà lé nínú àgò rẹ̀, kí kálukú yáa jáde ni. Ọdún 1986 ni Britain tó fi ẹ̀rọ rọ́pò àwọn ẹyẹ náà.

Kọ́kọ́rọ́ kan, ẹni kan

Òfin ilé-iṣẹ́ tí Britain ṣe ní 1844 pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ọgbà yí àwọn irin tí ń yí ká, kí àwọn ọmọdé àti obìnrin má sì nu wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń yí lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ni òfin yẹn ń wò. Ó pẹ́ kí wọ́n tó kọjú sí ẹ̀rọ tó dúró.

Ẹ jẹ́ ká wo mẹkáníìkì tó wọ inú ẹ̀rọ ìpofúláwà ńlá láti ha ìdọ̀tí ara abẹ rẹ̀. Ó ti pa súìṣì. Ẹlòmíì dé sẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀, ó rí i pé ẹ̀rọ kò yí, ó sì tan án. Kò sí ìkà nínú àwọn méjèèjì.

Ní 1982, wọ́n gbé ìlànà kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí bí wọ́n ṣe ń fi àgádágodo ti ẹ̀rọ. Ní 1989, OSHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ níbẹ̀, sọ ọ́ di òfin. Wọn á pa ẹ̀rọ, wọn á gé e kúrò lára gbogbo ohun tó ń fún un lágbára, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì fi àgádágodo tirẹ̀ tì í, á so páálí orúkọ mọ́ ọn. Bí èèyàn mẹ́fà bá ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ kan, àgádágodo mẹ́fà ló máa wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kò sì ní yí títí ẹni kẹfà á fi ṣí tirẹ̀. Àpò ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Lẹ́yìn náà ni wọn á tú agbára tó ṣẹ́kù: wọn á da ohun tó wà nínú páìpù dànù, wọn á sọ ohun tó rọ̀ sókè kalẹ̀. Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ni àwọn tí ojú ń kán máa ń fò: wọn á tẹ bọ́tìnì, kí wọ́n lè rí i pé ẹ̀rọ kò dáhùn. Ìṣirò OSHA ni pé títẹ̀lé òfin yìí ń gba ẹ̀mí bí 120 là lọ́dọọdún.

Alẹ́ Piper Alpha

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí Òkun Àríwá ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1988 fi hàn pé ìwé àṣẹ iṣẹ́ nìkan kò tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lórí pèpéle epo Piper Alpha, wọ́n yọ fáàfù ààbò kan lára pọ́ǹpù láti tún un ṣe, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ bo ojú ibẹ̀. Iṣẹ́ kò parí. Lálẹ́, pọ́ǹpù kejì dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ mìíràn tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ lára pọ́ǹpù àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìwé tó sọ pé fáàfù kò sí lára rẹ̀. Wọ́n tan án. Ó jò, ó sì bú gbàmù ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Èèyàn 167 ló kú. Méjì nínú wọn kò sí lórí pèpéle náà rárá: inú ọkọ̀ kékeré tó wá yọ àwọn yòókù ni wọ́n wà. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Cullen darí gbé àbá 106 kalẹ̀ ní 1990.

Ẹni tó wọlé lọ yọ ẹnì kejì

Níbi híhá, ikú sábà máa ń mú ẹni tó fẹ́ gbani là. Ní 1986, NIOSH, àjọ ìwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kéde pé ó lé ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń kú síbẹ̀ tó jẹ́ ẹni tó wọlé lọ yọ ẹlòmíì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2005, ní ilé ìfọpo kan ní Delaware City, òṣìṣẹ́ kan fẹ́ yọ róòlù téèpù kan tó wà nínú ohun èlò ńlá tí náítírójìn kún. Ó dákú. Ẹnì kejì rẹ̀ wọlé tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì ló kú. Náítírójìn kì í ṣe májèlé, òun ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ohun tó ṣe ni pé ó gba àyè ọ́síjìn.

Òfin OSHA ti 1993 dojú kọ èyí gan-an. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, wọn á fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́: ọ́síjìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 19.5 tàbí kó ju 23.5 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Gáàsì tó lè gbaná ló tẹ̀ lé e, èéfín olóró ló kẹ́yìn. Imú kò ṣeé gbára lé, nítorí pé háídírójìn sọ́lfáìdì, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, máa ń pa agbára ìgbóòórùn bó bá ti pọ̀ jù. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró síta, kò sì gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ẹlòmíì á fi gba ipò rẹ̀. Okùn tí wọ́n ti so mọ́ ẹni tó wà nínú ló fi máa fà á jáde. Britain ṣe òfin tirẹ̀ lórí ibi híhá ní 1997.

Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, ọdún 1987, náà sọ̀rọ̀ lórí ibi tí èéfín olóró bá lè wà. Ṣùgbọ́n kòǹga àgbàlá kì í ṣe ilé-iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ikú yìí ti ń wọ ilé wa: wọn á gbé ẹ̀rọ ìfami tó ń jẹ pẹtiróòlù sọ̀ kalẹ̀ láti gbọ́n omi, èéfín á kún inú rẹ̀, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò ní dáhùn mọ́, àbúrò rẹ̀ á sì kó wọ̀ ọ́. Níbi tí òfin kò dé, baálé ilé ló máa pa á láṣẹ: ẹ̀rọ tó ń jẹ epo kì í wọ kòǹga, ẹnikẹ́ni kì í sì í wọ̀ ọ́ láìso okùn mọ́ ìbàdí, tí ẹni tó lágbára sì dì í mú lókè. Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò bá dáhùn mọ́, okùn ni kí wọ́n fà, kí ẹnikẹ́ni má wọlé.