Tẹ́ńpìlì Tó Mọ Oko Ju Onímọ̀ Lọ

Lónìí, Bali là ń lọ, erékùṣù kan ní Indonéṣíà.

Láti ayébáyé, àwọn tẹ́ńpìlì omi ló ń sọ ìgbà tí oko ìrẹsì kọ̀ọ̀kan yóò gba omi àti ìgbà tí yóò sinmi. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba kó irúgbìn tuntun àti ajílẹ̀ dé, wọ́n ní kí kálukú máa gbìn láìsinmi. Lójú tiwọn, ẹ̀sìn lásán ni ti tẹ́ńpìlì. Kò pẹ́, kòkòrò bo oko, omi ò sì kárí mọ́.

Nígbà tó yá, Stephen Lansing àti James Kremer fi kọ̀ǹpútà ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Bí àwọn oko tó múlé gbera bá jọ sinmi, ebi á pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n bí gbogbo oko bá jọ gbìn lẹ́ẹ̀kan náà, omi ò ní tó. Tẹ́ńpìlì ló ń bá wọn wọn méjèèjì.

Mi ò bú sáyẹ́ǹsì o. Òun náà ló padà jẹ́rìí àwọn àgbẹ̀. Àmọ́ igi kan kì í dágbó ṣe: ẹni tó ka irúgbìn, tó ka ajílẹ̀, tí kò bi àgbẹ̀ léèrè, kò tíì mọ oko.