Àwọn Agbẹ̀san ní Ìlú Athens

Àwọn ará Athens àtijọ́ kò ní ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n wọ́n ní gbàgede eré ní ẹ̀gbẹ́ òkè Acropolis. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yẹ ọ̀rọ̀ ìlú wò, tí wọn yóò fi ìtàn ìwáṣẹ̀ ṣe aṣọ bò ó. Eré kan wà tí mo máa ń padà sí bí mo bá ń ronú lórí ọ̀rọ̀ ìjọba. Eumenides ni, tí Aeschylus gbé jáde ní ọdún 458 ṣáájú ìbí Kristi.

Ìlú kò rọgbọ nígbà náà. Ní nǹkan bí ọdún 462, Ephialtes gba ọ̀pọ̀ agbára lọ́wọ́ Areopagus, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìlú. Ẹjọ́ ìpànìyàn ni olórí ohun tí ó ṣẹ́ kù fún wọn. Kò pẹ́ tí a fi pa Ephialtes.

Aeschylus kò dárúkọ rẹ̀. Orestes ni ó gbé síwájú wa, ọmọ tí ó pa ìyá rẹ̀ nítorí pé ìyá náà pa baba rẹ̀. Àwọn Erinyes, òrìṣà obìnrin tí ń gbẹ̀san ẹ̀jẹ̀ ìbátan, ń lé e kiri. Athena yan àwọn ará ìlú láti dá ẹjọ́ náà, ìgbìmọ̀ yìí ni ó sì di Areopagus. Ìbò dọ́gba. Athena gbè sẹ́yìn Orestes, ó ní kò sí ìyá tí ó bí òun. (Ìdí yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.)

Eré mìíràn ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó pàdánù ṣì dúró lójú agbo, wọ́n ń halẹ̀ pé irúgbìn kò ní hù, aboyún kò sì ní bí. Àwa Yorùbá a máa wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ohun tí Athena dáwọ́ lé gan-an nìyẹn. Ó rán wọn létí pé òun mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilé àrá Zeus wà, síbẹ̀ kò ṣí i. Ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀, tí kò sú u. Ó fún wọn ní ibùgbé lábẹ́ ilẹ̀, àti ẹbọ nígbà ìgbéyàwó àti ìbímọ. Ṣáájú, ó ti kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ pé kí wọ́n má lé ìbẹ̀rù kúrò nílùú pátápátá.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá Aeschylus fara mọ́ àtúnṣe Ephialtes tàbí kò fara mọ́ ọn. Lójú tèmi, ìbéèrè tí ó jẹ ẹ́ lógún ni pé níbo ni ẹni tí a borí yóò máa gbé. Àwọn Erinyes gbàdúrà kí ogun abẹ́lé má jà ní Athens láé. Wọ́n wọ aṣọ pupa, irú èyí tí àwọn àlejò tí ń gbé ìlú náà máa ń wọ̀ níbi ọdún Athena, a sì fi iná ògùṣọ̀ sìn wọ́n lọ sí ilé wọn.