Ẹ̀wà Kàlàbá àti Ìtọ́jú Ìṣarán

Physostigmine ni èròjà olóró inú ẹ̀wà Kàlàbá, èso ìtàkùn kan tí ń hù létí odò ní agbègbè Kàlàbá. Kóró rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó tẹ̀ bí kíndìnrín, ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba etí rẹ̀ já. Esere ni àwọn Éfíìkì ibẹ̀ ń pè é, wọn a sì máa fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn mu láyé àtijọ́: ẹni tó bá bì í, wọ́n dá a láre, ẹni tó bá kú, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Àwọn kan sọ pé ọkàn aláìṣẹ̀ balẹ̀, ó ń gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyí tí ó fi ń tètè bì í. Àlàyé yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ta ni yóò dán an wò?

Robert Christison, oníṣègùn Edinburgh, jẹ ẹ̀wà náà wò ní 1855, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Ní 1864, Jobst àti Hesse ní Jámánì yọ èròjà náà sọ́tọ̀, ó sì di oògùn glaucoma, àrùn tí ìfúnpá inú ojú fi ń fọ́ni lójú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí ara tètè fọ́ acetylcholine, kẹ́míkà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Nígbà tí àwọn olùwádìí rí i ní 1976 pé ohun èlò tí a fi ń ṣe kẹ́míkà yìí ti dín kù gan-an nínú ọpọlọ àwọn tí àrùn Alzheimer, irú ìṣarán tó wọ́pọ̀ jù, pa, wọ́n gbé oògùn ojú yìí dán iyè àwọn aláìsàn wò. Agbára rẹ̀ kì í pẹ́ lára, ó sì ń mú èébì wá, nítorí náà ni wọ́n fi ṣe rivastigmine ní àwòṣe rẹ̀, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2000. Ó ń dín àmì àìsàn kù, kò lè dá àìsàn dúró.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn olùwádìí Benjamin Osuntokun àti Hugh Hendrie bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nípa ìṣarán, tó fi àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn n'Ìbàdàn wé àwọn adúláwọ̀ Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2001 fi hàn pé ìṣarán tuntun ń mú ènìyàn 1.35 nínú 100 lọ́dọọdún n'Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Iye aláìsàn ni wọ́n kà, wọn kò dán oògùn wò. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ogun Waterside ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀pọ̀ ẹbí ń sọ pé ogbó ló dé, ilé ni wọ́n sì ti ń ṣètọ́jú. Ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Ṣágámù, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn fún ará Abígí ní Ogun Waterside ju ará Àgọ́-Ìwòyè lọ.