Yíyàwòrán Ènìyàn Lójúkojú: Ìrànwọ́ fún Ọ̀dọ́ Oníṣẹ́-ọnà ní Ọ̀sì àti Ìlọ́fà

Bí a bá gbé orí Ẹ̀pà kan, ìbòjú onígi tí oníjó ń dé, kalẹ̀ sójú oòrùn, nǹkan méjì ni a máa rí lára igi kan ṣoṣo. Ìkòkò wà nísàlẹ̀, níbi tí oníjó ń ki orí bọ̀. Ojú rẹ̀ ranjú, kò sì jọ ti ẹnikẹ́ni. Lókè rẹ̀ ni jagunjagun ti gun ẹṣin, tàbí kí abiyamọ kúnlẹ̀ kí àwọn ọmọ rọ̀ mọ́ ọn. Àwọn wọ̀nyí ní orúnkún, ìbàdí àti èjìká tí ẹrù ń wọ̀. Ẹni tí kò tíì fara balẹ̀ wo ènìyàn kò lè gbẹ́ wọn. Ọ̀sì ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Ìpínlẹ̀ Kwara, àti Odò-Ọ̀wá ní Òkè-Ẹ̀rọ, níbi tí Ìlọ́fà jẹ́ olú ìlú, ti bí àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí.

Àreògún ará Ọ̀sì, tó ṣaláìsí ní nǹkan bí ọdún 1954, gbẹ́ ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ tó sì ń mu páìpù sára ilẹ̀kùn. Ohun tó ń kọjá lójú ọ̀nà nígbà ayé rẹ̀ ló gbẹ́. Bámigbóyè ará Odò-Ọ̀wá náà kò fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́: ìjọba amúnisìn gbà á láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọnà ní Òmù-Àrán.

Lọ́dọ̀ irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀, ọmọ iṣẹ́ a máa bá iṣẹ́ lọ ní ìpele ìpele. Ọ̀nà-lílé ló ṣáájú, níbi tí àáké ti ń ya orí sọ́tọ̀ kúrò lára ọrùn àti ara. Àlétúnlé tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà dídán, kí ọ̀bẹ tó wá ṣe fínfín. Ọ̀gá ló ń fún un ní igi, ọ̀gá ló ń bọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń wo ọwọ́ àgbà.

Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, Fadá Kevin Carroll sì bójú tó o títí di 1954. George Bándélé, ọmọ Àreògún, wà lára àwọn ọ̀gá ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá-Ọ̀ràngún ti lo ọdún mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé agbẹ́gilére ni wọ́n ti bí i, tó sì ti ń gbẹ́gi kó tó débẹ̀. Carroll kò fẹ́ kí ìlànà Yúróòpù gba ipò ìlànà Yorùbá. Nínú iṣẹ́ ibùdó náà, àwọn amòye tó wá kí Jésù di ọba Yorùbá.

Ìbẹ̀rù Carroll lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ kò yẹ kó sọ wíwo ara ènìyàn di ohun àjèjì. Orí ère Yorùbá sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, nígbà tí ti ènìyàn kò ju bí ìdá kan nínú méje lọ. Agbẹ́gilére ló yàn án bẹ́ẹ̀, nítorí orí ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ àti ère àkó tí wọ́n ń ṣe fún òkú ní Ọ̀wọ̀ fi hàn pé nígbà tí ìjọra bá jẹ́ dandan, ọwọ́ Yorùbá mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀dọ́ tí kò bá mọ bí ara ṣe rí, kí ni yóò fi yan tirẹ̀?

Àìná Ọnàbólú, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, ti ń yàwòrán ènìyàn kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Abáyọ̀mí Barber, tí wọ́n bí ní Ifẹ̀ ní 1928, náà ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó padà sí Yunifásítì Èkó, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti yí i ká láti kọ́ bí a ṣe ń ya ènìyàn kó jọ. Ìlú òkèèrè ni àwọn méjèèjì ti rí ìmọ̀ kún ìmọ̀. Kò pọn dandan kí ọmọ Ọ̀sì rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí yíyàwòrán ènìyàn lójúkojú ń fẹ́ kò pọ̀. Jẹ́ kí àgbẹ̀ kan dúró nínú yàrá kíláàsì, kó fi ara ti ọkọ́. Ìbàdí kan á gòkè, èjìká òdìkejì á wálẹ̀, gbogbo ìwúwo á sì wà lórí ẹsẹ̀ kan. Fọ́tò orí fóònù kì í jẹ́ kí ayàwòrán yí ẹni náà po wo ibi tí ẹrù ara bọ́ sí. Kò sí ìdí láti tú aṣọ. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ló kún agbègbè yìí, bùbá àti ìró sì ń fi orúnkún hàn tó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Èédú inú àdògán àti bébà ìdìpọ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú Ẹ̀sìẹ́ kò jìnnà púpọ̀. Ilé musíọ̀mù tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní ère òkúta tó lé ní 800, ọ̀pọ̀ wọn lórí ìjókòó, pẹ̀lú irun dídì àti ilà ojú. Ọmọ tó bá ti ya ìyá rẹ̀ lórí àpótí láàárọ̀ lè jókòó ti àwọn ère wọ̀nyẹn lọ́sàn-án, kó wo ohun tí agbẹ́-òkúta àtijọ́ fi sílẹ̀ àti ohun tó fi kún un.

Owó ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀sìẹ́ àti owó iṣẹ́ òòjọ́ fún ẹni tó bá jókòó fún àwọn ọ̀dọ́ láti yà ni ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì kọ́kọ́ fi sínú ìṣúná wọn. Kí wọ́n pe àwọn agbẹ́gilére tó kù náà, kí wọ́n máa sanwó fún wọn, kí ọ̀dọ́ lè máa yà lójúkojú lọ́jọ́ kan, kó sì máa lé ọ̀nà lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ kejì.